Orin Tí Kò Ní Olórin

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Orè, tí ó kọjú sí ọ̀nà Ìbínní, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe ìdì kan tàbí méjì ni mo wí. Wọ́n tò ó sí etí títì bí ìgbà tí ọba bá to ẹ̀ṣọ́ síta, èyí tí ó ti pọ́n níwájú, èyí tí ó ṣì tutù lẹ́yìn. Àwọn obìnrin tí ń tà á a sì máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti dúró. Ọ̀nà yìí ni Ofosu wà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ni ó wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé òun yóò dúró ní Ofosu kí òun sì máa wo òkè Ìdànrè ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Igbó ni ó wà láàrin wọn, igbó ọba tí a ní kí ẹnikẹ́ni má dá oko sí, tí oko sì kún inú rẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ń bẹ ní Ofosu, ọmọ Ìkàlẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ará Ẹ̀dó, Ìgbìrà, Ìgbò, Ùròbò, gbogbo wọn ni ilẹ̀ náà pè tí wọ́n sì jẹ́ ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà níbẹ̀ lè fi èdè mẹ́ta bú ọ kí o tó mọ èyí tí ìwọ yóò fi dá a lóhùn.

Èmi kì í ṣe ọmọ Ofosu. Àkúrẹ́ ni mo ti dàgbà. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní oko kòkó níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kó mi lọ nígbàkígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, kí n má bàa ya ìpáǹle ní ìgboro. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá òun ṣírò owó, nítorí pé owó náà ti fẹ́ máa ba òun lẹ́rù. Kì í ṣe àwàdà. Ní ọdún náà, àrùn àti òjò tí kò rọ̀ bí ó ti yẹ ti bá kòkó jà ní Gáná àti ní Ivory Coast, àwọn méjèèjì tí ó sì ń mú ju ìdajì kòkó gbogbo ayé jáde nìyẹn. Bí tiwọn ti dín kù ni iye rẹ̀ ń fò sókè, títí ó fi kọjá dọ́là 12,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà New York nínú oṣù Kejìlá yẹn. Ẹni tí ó ti ń fi ọdún márùn-ún ronú bí òun yóò ṣe pààrọ̀ páànù ilé òun, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ aya kún aya. Ọkùnrin kan tí ó ń ta ọtí nítòsí títì ra tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó ra máìkì méjì àti sípíkà tí ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì kọ ọ́ sí ara pátákó síta pé ní alẹ́ gbogbo ọjọ́ Sátidé, KARAOKE.

Bàbá Kékeré dúró níwájú pátákó náà, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Òkè wo ni wọ́n ń pè ní Kara Òkè? Mo mọ Òkè Ìdànrè, mo mọ Òkè Olúmọ. Ta ni ó ni èyí?”

Mo dá a lóhùn pé àwọn ará Jàpáànì ni ó ni ín. Ẹnu yà á pé àwọn náà wá gbé òkè sí Ofosu. Mo wá ṣe àlàyé fún un bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní “kara” ni ohun tí ó ṣófo. “Oke” tí ó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó tí í jẹ́ ọ́kẹ́sírà ni wọ́n gé kù, ìyẹn ẹgbẹ́ onílù, onífèrè àti onígòjé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ẹgbẹ́ onílù wà níbẹ̀, ilù ń dún, fèrè ń dún, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí olórin wà ṣófo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sanwó ọtí lè dìde kí ó lọ dí àyè náà.

Bàbá Kékeré ronú díẹ̀. Ó ní, “Nítorí náà wọ́n ti lé onísẹ́ kúrò nídìí isẹ́ rẹ̀, wọ́n wá ní kí àwọn ọ̀mùtí máa bá a ṣe é.” N kò rí èsì fún un.

Ṣùgbọ́n bí ìtàn náà ti lọ gan-an, kò burú tó bí ó ti rò ó. Ní ìlú Kobe, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Daisuke Inoue. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lu ohun èlò orin ní ilé ọtí nígbà tí àwọn oníbàárà bá fẹ́ kọrin. Inoue yìí kò mọ àmì orin kà nínú ìwé. Etí ni ó fi ń gbọ́ orin, ẹnu oníbàárà ni ó sì máa ń wò: bí oníbàárà bá sáré, Inoue a sáré, bí ó bá fa ohùn, Inoue a dúró dè é. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan wà láàrin àwọn oníbàárà yìí tí kì í lè kọrin bá ilù ẹlòmíràn mu, àfi ti Inoue. Nígbà tí ọ̀gá náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sí ibi omi gbígbóná kan fún ìgbádùn, ó bẹ Inoue pé kí ó bá òun lọ. Inoue kò ráyè. Ó wá gba ilù náà sínú téèpù fún un, ó rọra fi í sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọ̀gá náà, ó ní kí ó máa gbé e lọ. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti ṣí i lójú. Ní ọdún 1971, ó ti ní ẹ̀rọ 11 tí ó fi ń háyà fún àwọn ilé ọtí. Ènìyàn a sọ owó wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ilù a sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ní Shigeichi Negishi ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1967, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ti Inoue ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù. Kò gba ìwé àṣẹ kankan lórí rẹ̀, nítorí náà owó ńlá tí ó wà nídìí rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 2004 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń pè ní Ig Nobel, ẹ̀bùn ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ó tó mú un ronú. Ẹ̀bùn ti àlàáfíà ni wọ́n fún un, wọ́n ní ó ti kọ́ ọmọ aráyé ní ọ̀nà tuntun láti máa fara da ara wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìfaradà yìí sọ́kàn, nítorí yóò tó kàn mí.

Ohun tí ó jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáànì yìí ni pé olúkúlùkù ọjọ́ orí ni ó ní orin tirẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lónìí kò ní lọ kọ orin tí ó jáde ní àná. Orin tí ó wà lẹ́nu ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí òun náà wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni yóò béèrè. Wọn a béèrè “Cherry” tí ẹgbẹ́ Spitz kọ ní ọdún 1996, wọn a béèrè “Chiisana Koi no Uta” ti MONGOL800 tí ó jáde ní 2001, tàbí orin òdòdó kan ṣoṣo tí SMAP gbé jáde ní 2003, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé SMAP fúnra wọn ti tú ká ní ìparí ọdún 2016. Wọn a béèrè “Kiseki” ti ẹgbẹ́ GReeeeN, ti ọdún 2008. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé bí ẹ bá pààrọ̀ orúkọ àwọn orin náà, ó di Ofosu.

Mo jókòó ní ilé ọtí yẹn ní Sátidé kan, mo sì fojú ara mi rí i. Àwọn tí wọ́n ti tó ọgọ́ta ọdún ń béèrè Ebenezer Obey àti Sunny Ade. Àwọn ọmọ ogún ọdún ń béèrè Asake. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọkùnrin tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn díẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì ti ń yọ síwájú díẹ̀, tí ó gba máìkì, ẹ mọ̀ pé “African Queen” ni, tí 2Face kọ ní ọdún 2004. Tàbí “Olufunmi” ti àwọn Styl-Plus. Tàbí “Oruka” tí Sunny Neji, ọmọ Cross River, fi èdè Yorùbá kọ ègbè rẹ̀ tí kò sí ìyàwó tí a gbé nígbà náà tí a kò kọ ọ́ fún. Tàbí “Gongo Aso” ti 9ice, ti ọdún 2008. Obìnrin kan tilẹ̀ béèrè “Mo ṣoríire” tí Paul Play kọ. Orin bàbá rẹ̀, I. K. Dairo, ni Paul tún kọ, ó fi ilù tuntun sí i lẹ́yìn tí bàbá ti kúrò níbẹ̀. Mo rò ó pé bí a bá ń wá ẹni tí ó jókòó sí àyè olórin tí ó ṣófo, ọmọ náà ṣe é kí Ofosu tó ra tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tí ó bà mí nínú jẹ́ ni ti àwọn orin Yorùbá. Púpọ̀ nínú wọn ni kò sí nínú ẹ̀rọ náà rárá. Nígbà tí a bá sì rí ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n láìfi àmì kankan sí i. Awakọ̀ tírélà kan tí ó gba máìkì bá “oko” pàdé níbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá oko kòkó ni, tàbí ọkọ obìnrin, tàbí ọkọ̀ tí ó gbé wá, tàbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè. Kí ó tó yan ọ̀kan, ilù ti lọ. Inoue ì bá ti dúró dè é. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí mo ní láti sọ̀rọ̀ Ẹ̀gà.

Orúkọ ìnagijẹ ni Ẹ̀gà, nítorí pé láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ orin, bí ẹyẹ ẹ̀gà orí ọ̀pẹ. Ẹgbẹ́ ni wá. Bàbá rẹ̀ ni ó ń bá Bàbá Kékeré tọ́jú apá kan nínú oko. Ìwé kẹrin ni Ẹ̀gà wà tí igi wó lu bàbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀, kò sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Èmi ń kàwé, òun ń fọ́ kòkó. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá ti dé, a ò yàgò fún ara wa. Èmi ni akọ̀wé, òun ni olórin. A ní rédíò kan tí ó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Bí a bá fẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, a kì í jẹ́ kí rédíò yí i, kí bátìrì má bàa kú. A ó yọ ọ́, a ó ki bíírò bọ ihò rẹ̀, a ó sì máa fi ọwọ́ yí i. Mo ní ìwé ìkọ̀wé kan tí ó nípọn tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ orin sí. N ó gbọ́ ìlà kan, n ó dá rédíò dúró, n ó kọ ọ́, n ó tún padà gbọ́. Nígbà míràn à ń lọ sí gáréèjì Orè láti ra ìwé orin pélébé tí àwọn ọmọkùnrin máa ń kiri níbẹ̀, ṣùgbọ́n orin tí a bá fẹ́ gan-an kì í sábà sí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá ti kọ ọ́ tán, n ó kà á fún Ẹ̀gà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Ó ti di tirẹ̀ nìyẹn títí láé.

Ní ọdún 2004, “African Queen” dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wá. Kò sí ọmọkùnrin kan ní Nàìjíríà ní ọdún náà tí kò rí ara rẹ̀ nínú orin yẹn. Mo jókòó sí abẹ́ igi kòkó pẹ̀lú rédíò, mo kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo dé ibì kan tí n kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà wí. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà títí ọwọ́ fi ń ro mí. N kò gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gà jókòó níwájú mi tí ó ń wo ẹnu mi, tí ó gbà pé kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí èmi kò mọ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ní sáà tí ó kọjá, olùkọ́ jọ́gíráfì ti kọ́ wa ní àwọn odò ilẹ̀ Áfíríkà, Náílì, Kóńgò, Ọya, Zambezi, Limpopo. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ilù. Mo kọ “Limpopo” sí ihò náà. Mo kà á fún Ẹ̀gà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó bi mí pé, “Kí ni Limpopo?”

Mo ní, “Gẹ̀ẹ́sì ìfẹ́ ni.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ogún ọdún ni ọ̀rẹ́ mi fi kọ orin náà bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ nínú oko, ó kọ ọ́ lórí ọ̀kadà, ó kọ ọ́ ní ìsìnkú bàbá rẹ̀ nígbà tí ọtí ti wọ̀ ọ́ lára. Òun ni ó fi fẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìkàlẹ̀ kan tí ó dúdú tí ó sì ń dán, tí ó wá ń ta bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun ní etí títì. Limpopo ni ó ń pè é. Kò pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ rí lójú mi. Limpopo ni ní òwúrọ̀, Limpopo ni ní alẹ́, àwọn oníbàárà náà sì ti mọ̀ ọ́n sí Ìyá Limpopo. Nígbà tí Kcee gbé orin kan tí ó ń jẹ́ “Limpopo” jáde ní ọdún 2013, tí gbogbo ilé ọtí ń kọ ọ́, Ẹ̀gà pè mí lórí fóònù láti Ofosu pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní, “Ṣé o gbọ́ ọ? Wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ wa!” Àyè ṣí sílẹ̀ fún mi ní ọjọ́ náà láti jẹ́wọ́. Mo ní mo gbọ́ ọ.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ní alẹ́ Sátidé tí mo ń wí, a jọ jókòó, èmi, Ẹ̀gà àti Bàbá Kékeré. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná. Nígbà tí ilù “African Queen” bẹ̀rẹ̀, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, “Dìde, orin wa ni.”

Ó ní, “Ìwé wà níbẹ̀.”

Mo ní, “Kò sí ìwé kankan níbẹ̀, orin ni. Ta ni ó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ?” Ọkàn mi mọ́ nígbà tí mo wí i. Mo ti gbàgbé pé kò mọ̀wé kà dáadáa. Bí ènìyàn bá ti ń kàwé fún oúnjẹ òòjọ́, ohun tí ó rọrùn jù lọ láti gbàgbé nìyẹn. Mo gba máìkì náà, mo fi í lé e lọ́wọ́, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, funfun ń di pupa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀rọ náà ti ń tọ́ka sí èyí tí ó kàn. Ẹ̀gà wò ó bí ẹni tí ń wo odò tí ó kún. Ìlà àkọ́kọ́ kọjá, kò wí ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fà á. Nínú kásẹ́ẹ̀tì wa, olórin máa ń wà níwájú tí Ẹ̀gà yóò tẹ̀ lé e. Ní alẹ́ yìí ó ń tẹ́tí sí ohùn tí yóò tẹ̀ lé, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan kígbe pé kí ó ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

Ó wá di ojú rẹ̀. Ó sì wọlé sínú orin náà láti àárín, ó rọra, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ilé ọtí pa lọ́lọ́. Mo wí fún yín, bí 2Face bá wà níbẹ̀, ì bá bọ́ fìlà. Bàbá Kékeré tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó dé ibẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ kọ ọ́: Limpopo.

Àwọn ọmọ ogún ọdún tí ojú wọn wà lára tẹlifíṣọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gba máìkì kejì, ó kígbe “Limpopo!” sínú rẹ̀, ilé sì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Wọ́n ń lu tábìlì. Awakọ̀ tírélà tí “oko” ti dójú tì ní ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn ni ó rẹ́rìn-ín jù, inú rẹ̀ dùn pé ó ti ní ẹlẹgbẹ́. Èmi náà, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé bí n kò bá rẹ́rìn-ín ojú gbogbo wọn yóò yí sí ọ̀dọ̀ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gà la ojú. Kò wo tẹlifíṣọ̀n, kò wo àwọn ọmọ náà. Èmi ni ó wò, ó sì bá eyín mi níta.

Nínú orin tiwa, nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ń dá orin lè ṣìnà. Àwọn tí ń gbè é ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti rí i ní ìsọmọlórúkọ, mo ti rí i níbi òkú, tí àgbàlagbà gbàgbé ibi tí ó kàn tí ègbè sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e jó títí ó fi rántí, tí àlejò kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá dìde láti dá orin láàrin wa mọ̀ pé àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn òun. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ènìyàn bí ogójì wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹni tí ó gbè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi tí ó yẹ kí n jẹ́ ègbè rẹ̀ ni mo kọ́ ọ ní àṣìṣe.

Ó rọra gbé máìkì lé tábìlì bí ẹni gbé ẹyin, ó sì jáde. Ìyàwó rẹ̀ di ẹja àti bọ̀ọ̀lì rẹ̀, ó gbé e rù, ó tẹ̀ lé e. Ilù náà kò mọ̀ pé ó ti lọ. Ó lù ú títí dé òpin, ọ̀rọ̀ ń di pupa lọ́kọ̀ọ̀kan, àyè olórin sì ṣófo.

Bàbá Kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tí ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Kí ni ó wí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín?” Mo ní ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè ni. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?” Ó sì lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá wọn ní oko. Wọ́n ti kó kòkó jọ, wọ́n sì jókòó yí i ká, Ẹ̀gà ń fọ́ ọ, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ń yọ èso rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn. Mo jókòó, mo fa kòkó kan mọ́ra. A fọ́ ọ fún bí wákàtí kan láìsọ̀rọ̀. Ní ti Ẹ̀gà, ohun tí n kò rí rí nìyẹn. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ihò tí ó wà nínú orin náà, olùkọ́ jọ́gíráfì, Gẹ̀ẹ́sì ìfẹ́ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ìfẹ́. Mo sọ pé odò ni Limpopo, pé ó gba ẹnu ààlà Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú Botswana àti Zimbabwe kọjá kí ó tó gba Mozambique lọ sínú òkun.

Ẹ̀gà béèrè pé, “Ṣé ó tóbi ju odò tiwa yìí lọ?”

Mo ní ó tóbi jù ú lọ dáadáa.

Ó ní, “Kí ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ gan-an?”

Mo sọ ọ́ fún un. Ó dán an wò lábẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún dán an wò, ó mi orí. Ó ní kò gba ibẹ̀. Ó gbé àdá, ó fọ́ kòkó mìíràn.

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì wí nǹkan kan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ní, “Odò náà ni Ọ̀ṣun. Odò náà ni Ọya. Obìnrin ni wọ́n kí wọ́n tó di odò. Èyí tí ọkọ mi ń pè mí kò burú, n kò sì ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀.” Mo ti fẹ́ máa yọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wá kọjú sí mi, kò bínú, bí ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ nǹkan ni.

“Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ fún un, kí ló dé tí ẹ fi bá wọn rẹ́rìn-ín?”

Mo wo Ẹ̀gà. Ó tẹjú mọ́ kòkó. Mo mú èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èso inú rẹ̀.